Ogún Ọdún Ń Bọ̀ Wá Ku Ọ̀la

Ní ọdún 1965, ní ìlú Gothenburg ní orílẹ̀-èdè Swídìn, wọ́n ri irin kéékèèké mẹ́rin, tí ara wọn rí bí ti sikúrúù, sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gösta Larsson. Titanium ni wọ́n fi ṣe irin náà. Wọ́n bí Larsson pẹ̀lú àbùkù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n. Kò ní eyín ìsàlẹ̀, oúnjẹ nira fún un láti jẹ, ọ̀rọ̀ sì nira fún un láti sọ. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí fún. Ó fi eyín tí wọ́n gbé ka orí irin náà jẹun títí ó fi kú ní ọdún 2006. Ó lé ní ogójì ọdún.

Àwọn àgbà wa ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ogún ọdún méjì ti Larsson ti dé, ó ti kọjá. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò ni irú ènìyàn tó máa ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó mọ̀ dájú pé ọ̀la yẹn ń bọ̀ wá bi òun léèrè.

Nítorí pé ní tiwa, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni a máa ń yìn ín. A ó ṣí ilé, a ó lu ìlù, a ó ná owó mọ́ birikílà níwájú orí, àlùfáà yóò gbàdúrà, ó parí. Ta ní ń padà lọ́dún kẹwàá láti lọ wo igun ògiri? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n ìrì kì í wó o lọ́jọ́ ìṣílé. Lọ́jọ́ ìṣílé, ilé itọ́ àti ilé bíríkì jọ ń dán ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó pegedé nínú wọn, àfi kó ní sùúrù, kó sì ní ìgboyà láti padà lọ wò.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ Larsson, Per-Ingvar Brånemark, kì í ṣe dókítà eyín rárá. Oníṣègùn tó ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ní Yunifásítì Lund, ohun tó ń wá kò kan ẹnu ẹnikẹ́ni: ó fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú egungun àti mùdùnmúdùn. Ó fi titanium ṣe fèrèsé kékeré kan, ó fi í sínú egungun ẹsẹ̀ ehoro, ó wá ń gba ibẹ̀ fi maikirosíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń ṣàn nínú ẹran ààyè. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó fẹ́ yọ irin rẹ̀ kó lè tún un lò, torí pé ó wọ́n. Irin kọ̀, kò yọ. Egungun ti hù mọ́ ọn lára, ó ti gbá a mú ṣinṣin.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá fọ́ egungun náà, kí wọ́n yọ ohun ìní wọn, kí wọ́n sì máa bá tiwọn lọ. Brånemark dúró, ó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí. Ìdí náà ni pé titanium kì í jẹ́ kí ara mọ̀ ọ́n ní àlejò. Bí atẹ́gùn bá ti kàn án báyìí, awọ tín-ín-rín kan a bò ó lójú ẹsẹ̀. Kì í dípẹtà, omi ara kò lè jẹ ẹ́, egungun a sì máa hù lọ bá a láìsí ìjà. Síbẹ̀, Brånemark kò sáré gbé e lọ sí ẹnu aláìsàn. Ó dán an wò lára ajá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn gbà kí wọ́n fi irin náà sí apá àwọn fún oṣù mélòó kan, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹran ara ènìyàn náà yóò gbà á. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá láàárín ehoro Lund àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ Larsson. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo ètò rẹ̀ ni ibi tí kò ti ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn tó bá ti ri gbòǹgbò irin náà sínú egungun tán, á dá ẹran erìgì padà bò ó, á rán an pa, á sì fi í sílẹ̀: oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ní tòkè, torí pé egungun tòkè rọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Kò ní gbé eyín lé e, aláìsàn kò sì ní fi ibẹ̀ jẹ nǹkan tó le. Bí ẹni gbin obì ni. Àgbẹ̀ tó bá ń mi igi rẹ̀ láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti fìdí múlẹ̀, òun gan-an ni kò ní jẹ́ kó fìdí múlẹ̀. Bí gbòǹgbò irin bá ń mì nígbà tí egungun ṣì ń hù, ara yóò fi ẹran rírọ̀ wé e dípò egungun, yóò sì máa mì lọ títí yóò fi jábọ́.

Nígbà tí ọjọ́ bá pé, wọn a tún erìgì là. Dókítà a fi ìdí irin iṣẹ́ rẹ̀ kan orí gbòǹgbò náà pẹ́pẹ́, a sì dẹ etí. Bí egungun bá ti gbá a mú, ohùn tí yóò gbọ́ yóò mọ́, yóò sì ga. Bó bá jẹ́ ẹran rírọ̀ ló yí i ká, ohùn náà yóò wúwo, yóò kú. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n kí ẹ̀rọ tó ń wọn ìdúró rẹ̀ tó dé. Mo máa ń ro ìṣẹ́jú yẹn: dókítà ti dúró fún oṣù mẹ́fà, ìdáhùn kò sì ju ohùn kékeré kan lọ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Lónìí, ìmọ̀ ti tẹ̀síwájú, àwọn dókítà kan sì lè gbé eyín lé gbòǹgbò náà lọ́jọ́ tí wọ́n ri í gan-an, bí egungun ẹni náà bá le tó. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ní sùúrù ni wọ́n ti kọ́ ìgbà tí ìyára kò léwu.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ooru. Ní ọdún 1983, àwọn olùwádìí méjì, Eriksson àti Albrektsson, fi hàn lára ehoro pé bí egungun bá gbóná dé ìwọ̀n 47 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ìṣẹ́jú kan péré, ó ti tó láti ba agbára rẹ̀ láti hù jẹ́. Ibà tó le gan-an ń gbé ara ènìyàn dé 40 tàbí 41. Ìwọ̀n bíi mẹ́fà ló kù láàárín ibà àti ìbàjẹ́, irin tó ń yí láti lu egungun sì lè jẹ ìwọ̀n mẹ́fà náà tán kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Nítorí náà ni ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń lọ jẹ́jẹ́. Á kọ́kọ́ lo irin tó tínrín, kó tó kan èyí tó sanra díẹ̀, kó tó kan èyí tó sanra jù ú lọ. Omi iyọ̀ tútù ń dà sí i láìdáwọ́ dúró. Á lu díẹ̀, á fà á jáde, á jẹ́ kí omi wọ ihò, á tún padà. Bí ẹnu irin bá ti kú, á gbé òmíràn.

Aláìsàn tó la ẹnu sílẹ̀ kò rí èyíkéyìí nínú èyí. Kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó fara balẹ̀ lu ihò rẹ̀ àti ẹni tó sáré lù ú kó lè pe ẹlòmíràn wọlé. Ihò méjèèjì jọ ara wọn, owó kan náà ni yóò san, ẹ̀rín kan náà ni yóò rín lọ sílé. Egungun nìkan ló mọ̀, kò sì ní sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ibi tí ojú oníbàárà kò tó yìí ni mo gbà pé a ti ń dá ọ̀gá mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ní irinṣẹ́ lọ́wọ́. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, ìyẹn ni pé kí a fi ọkàn tiwa kún ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní bi wá.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń rèké. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ eyín ní Swídìn kò gba ti Brånemark gbọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ni pé kò sí irin tó lè bá egungun dì mọ́ra láìsí ẹran rírọ̀ láàárín. Ta wá ni oníṣègùn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn, tó fẹ́ kọ́ wọn níṣẹ́ wọn? N kò lè dá wọn lẹ́bi tán. Oríṣiríṣi irin ni wọ́n ti rì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn aláìsàn ṣáájú, tó jábọ́ tòun ti ọyún àti egungun. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán, bó bá rí ekòló, á sá. Ohun tó yẹ kí a wò ni ohun tí Brånemark fi dá wọn lóhùn: ìwé àkọsílẹ̀. Ní 1977, ó gbé ti ọdún mẹ́wàá jáde. Ní 1981, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Adell, Lekholm àti Rockler, gbé ti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde: gbòǹgbò 2,768, nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ 410, lẹ́nu aláìsàn 371. Bí àwọn ènìyàn ṣe wọlé ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé láti 1965 ni wọ́n ṣe kà wọ́n. Wọn kò yọ àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, àwọn tí wọ́n ṣe nígbà tí ọwọ́ kò tíì mọ́, tí àbájáde wọn kò dára tó ti ìkẹyìn. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí ètò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí wọ́n sì tọpa fún ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án, 81 nínú 100 ló dúró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè, 91 nínú 100 ní tìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí 81 yẹn. Ó túmọ̀ sí pé nínú gbòǹgbò márùn-ún tí wọ́n rì sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀kan tí kò dúró. Wọ́n kọ èyí síta, níwájú àwọn tó ń wá ibi tí wọn yóò ti mú wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù, tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Onírọ́ ni a máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún. Lọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́, ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi iye tó jábọ́ pamọ́ ti fi olùkọ́ rẹ̀ pamọ́. Nítorí pé wọ́n mọ iye tó ń jábọ́ lókè, tí wọ́n sì sọ ọ́, ni wọ́n ṣe ń wá ohun tí yóò mú egungun rírọ̀ di irin mú dáadáa. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé bí ojú irin bá rí gbágungbàgun díẹ̀ dípò kó máa dán, egungun a tètè dì mọ́ ọn. Ìmọ̀ yẹn ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò tí wọ́n ń rì lónìí.

Wọ́n tún jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn dán an wò. George Zarb, ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, kó àwọn aláìsàn tirẹ̀ jọ, ó tẹ̀lé ìlànà Swídìn, ó sì rí ohun tí wọ́n rí. Ní 1982, ó pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n iléèwé eyín láti Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ sí Toronto láti wá gbọ́ ọ. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1978, níbi ìpàdé kan ní Harvard, àwọn onímọ̀ ti fẹnu kò pé bí 75 nínú 100 bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yege. Ní 1986, Albrektsson, Zarb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní kò tó. Wọ́n ní kí ó jẹ́ 85 lọ́dún karùn-ún, 80 lọ́dún kẹwàá. Kí gbòǹgbò náà má mì, kí ó má dunni. Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, kí egungun tó yí i ká má ṣe fà sẹ́yìn ju ìdá márùn-ún mìlímítà kan lọ lọ́dún. Ẹ kíyè sí i: àwọn tó gbé òṣùwọ̀n sókè ni àwọn tí òṣùwọ̀n àtijọ́ ti dá láre. Wọn ìbá jókòó sórí rẹ̀ kí wọ́n máa gba ìyìn.

Síbẹ̀, pé nǹkan wà níbẹ̀ kì í ṣe pé ó wà dáadáa. Èyí ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo wa. Ní Swídìn, ìjọba ń bá ará ìlú san lára owó ìtọ́jú eyín, nítorí náà orúkọ àwọn tí wọ́n ṣe é fún wà nínú ìwé. Olùwádìí kan, Jan Derks, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ mú orúkọ láti inú ìwé yẹn, wọ́n pe àwọn ènìyàn wá fún àyẹ̀wò ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀gá àgbà ló ṣe é fún wọn tàbí dókítà àdúgbò. Nínú 596, bíi mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ti pàdánù ó kéré tán gbòǹgbò kan. Ẹnikẹ́ni ì bá lu ìlù sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé àwòrán X-ray 427 nínú wọn wò fínnífínní, wọ́n sì rí i pé 45 nínú 100 wọn ní gbòǹgbò kan ó kéré tán tí erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tí egungun rẹ̀ sì ti ń fà sẹ́yìn. Nínú bíi mẹ́rìnlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti wọra. Orílẹ̀-èdè tó bí ìmọ̀ náà ló tún jókòó ka àbùkù rẹ̀ síta, ní 2016, nígbà tí kò sí ẹni tó fi ipá mú un.

Ohun tó fà á kò le láti yé ni. Eyín tí a bí mọ́ wa ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ó mọ́ egungun. Okùn yẹn ló ń jẹ́ kí a mọ̀ bí òkúta kékeré bá wà nínú ìrẹsì. Gbòǹgbò irin kò ní in. Kì í tètè dunni. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́: ibi tí erìgì ti pàdé irin ni ògiri wa, bí ẹ̀gbin bá sì jókòó síbẹ̀, erìgì a wú, a là, kòkòrò a gba ibẹ̀ wọlé lọ bá egungun. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìgbà tí irin bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ohun tó dì í mú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Sìgá ń yára mú un wá. Àtọ̀gbẹ tí a kò ṣàkóso ń yára mú un wá. Ẹni tí àìsàn erìgì ti ká eyín rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wà nínú ewu rẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló sábà máa ń wá gbòǹgbò tuntun. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní Abẹ́òkúta tó ń lo eyín àtọwọ́dá tí à ń bọ́. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ níbi àríyá, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi ìka méjì yọ ọ́, á fi hańkáṣíìfù wé e sínú báàgì, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi erìgì tẹ ẹran. Wọ́n á ní, "Mọ̀mọ́, eyín dà?" Á dá wọn lóhùn pé, "Eyín yìí, ti ẹ̀rín ni, kì í ṣe ti oúnjẹ." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, kó tó sùn, ẹ ó bá a lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú abọ́ omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, tó ń fọ eyín náà ní igun dé igun. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì sán. Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Bí irú rẹ̀ bá rí gbòǹgbò titanium gbà, èmi kò ní bẹ̀rù fún gbòǹgbò náà, torí pé ìdajì iṣẹ́ dókítà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wọ ilé ìwòsàn.

Ní Èkó àti Ìbàdàn, àwọn dókítà wa wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ẹnu ló yẹ fún. Eyín tó bá ṣì ṣeé tọ́jú, kí a tọ́jú rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá ṣe é, kó má tijú láti béèrè. Ẹ bi dókítà yín pé mélòó lẹ ti rì, mélòó ló jábọ́, kí ló sì fà á. Dókítà tó bá ní òun kò tíì rí èyí tó jábọ́ rí, ẹ bi í bí ó ṣe pẹ́ tó tó ti ń padà wò wọ́n. Ẹ béèrè ìgbà tí ẹ ó máa padà wá fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì máa lọ, kódà nígbà tí kò sí ohun tó ń dùn yín.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe gbòǹgbò náà sí, ìbú àti gígùn rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n ri í. Ẹ fi pamọ́ síbi tí ìwé ilẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí yín wà. Sikúrúù kékeré tó so eyín òkè mọ́ gbòǹgbò lè tú, ó sì lè kán lọ́dún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ti ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ti èkejì. Ẹni tí yóò ṣí ìwé yẹn kà lọ́jọ́ náà, kó tó mọ èyí tí yóò mú, lè jẹ́ ọmọ tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lónìí.